Ìkòkò Kan Lè Gba Ajẹran àti Ẹni Tí Kì Í Jẹ Ẹran

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyálé ilé kì í sè é. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, òótọ́ inú rẹ̀ kò sì fara sin: ẹni tí ó ń dáná gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn tí yóò jẹun lè jẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Bí ẹni tí kò lè jẹ ọbẹ̀ náà kò bá jẹ́ baálé ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí ó ti yunifásítì dé, tí ó ní òun kò jẹ ẹran mọ́, tàbí ìyá àgbà tí dókítà ní kí ó dín ẹran pupa kù, tàbí àna tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ẹran, kí ni kí ilé ṣe? Ṣé kí wọ́n dá ìkòkò tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni, àbí kí wọ́n máa wò ó bí ẹni tí ó wá yọ ilé lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í jẹ ẹran kì í ṣe àjòjì mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ Seventh-day Adventist, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó padà di Yunifásítì Babcock sílẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ọdún 1959, ti pẹ́ tí ó ti ń gba àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa gbé ara lé èso, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà. Ní ìlú Ọba, láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni ìpolongo kan tí wọ́n ń pè ní Veganuary ti ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi oṣù kan gbáko jẹ oúnjẹ tí kò ní ohunkóhun láti ara ẹranko, àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí ọ̀hún sì ń gbọ́ ìpè náà bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń gbọ́ ọ. Nílé níbí, ọ̀wọ́n ọjà ti bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn NBS, kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ẹran ni ọjà ti bá kọ̀ ọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Àwọn kan a fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní ìwà òyìnbó ni, ebi yóò sì kọ́ ọmọ náà lọ́gbọ́n. Àwọn kan a yọ ẹran kúrò nínú àwo, wọn a sì bu omi ọbẹ̀ náà lé e lórí bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀kẹta a di ẹni tí ń dáná lẹ́ẹ̀mejì fún oúnjẹ kan ṣoṣo, títí agara yóò fi dá obìnrin ilé. Kò sí èyí tí ó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tí ó tọ́ wà, kò sì jìnnà: kí a se ọbẹ̀ náà ní pípé láìsí ẹran, kí ẹran tó wọ inú rẹ̀. Ẹran kì í ṣe ọbẹ̀. Inú ọbẹ̀ ni a ń fi ẹran sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí jẹ́ àṣà tuntun, kí ó wo ilé olóúnjẹ tí wọ́n ti ń ta àmàlà ní Ìbàdàn. Ìkòkò gbẹ̀gìrì wà lọ́tọ̀, ìkòkò ewédú wà lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ata sì wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀. Inú àwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, tí wọ́n fi ń di àbùlà. Ẹni tí ń bu oúnjẹ a kọ́kọ́ bi oníbàárà pé òkèlè mélòó, lẹ́yìn náà ni yóò bi í pé ẹran mélòó. Owó òkèlè yàtọ̀, owó ẹran yàtọ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni olóúnjẹ ti mọ̀ pé ẹran jẹ́ ohun tí à ń fi kún oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí agbára àti ìfẹ́ ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́. Kí ló dé tí ilé kò lè ṣe bí ilé olóúnjẹ ti ń ṣe?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Kò sí ìdílé Yorùbá tí kò mọ ẹnì kan tí ó ní ohun tí kì í jẹ. Ìdílé kan kì í jẹ irú ẹran kan, òmíràn kì í jẹ irú ẹja kan. Àwọn olórìṣà ńlá, ìyẹn àwọn tí ń sin Ọbàtálá, kì í mu ẹmu, ọbẹ̀ àtẹ́ tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n sì máa ń sè fún òrìṣà wọn. Nínú agbo ilé tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá wà, kò sí ẹni tí ó ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nídìí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀tàn bu ohun tí wọn kì í jẹ sínú àwo wọn. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì náà mọ ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì tí ẹran kì í kan ẹnu wọn. Ilé tí ó ti ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ baba ńlá kò gbọdọ̀ rí ìpinnu ọmọ tí ó ti dàgbà bí ìwà àìgbọràn.

Nísinsìnyí, báwo ni ìkòkò kan ṣe lè tó gbogbo ilé? Kí a mú ọbẹ̀ ata ṣe àpẹẹrẹ. Kí a lọ tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, kí a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí a wá fi òróró díẹ̀ dín in pẹ̀lú irú àti àlùbọ́sà tí a gé wẹ́wẹ́, títí òróró yóò fi léfòó sókè. Irú ṣe pàtàkì níhìn-ín. Èso igi ni, tí a sè, tí a bó, tí a sì bò mọ́lẹ̀ títí ó fi kan. Òun ni ó ń fún ọbẹ̀ ní adùn tí àwọn kan rò pé inú omi ẹran nìkan ló ti lè wá. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná dé ibi yìí, kí a bu ti ẹni tí kì í jẹ ẹran sínú ìkòkò kékeré, kí a sì fi olú tàbí wàrà sóyà tí a ti dín sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹran tí a ti bọ̀ nínú ìkòkò tirẹ̀, pẹ̀lú omi rẹ̀, yóò wá wọ inú ìkòkò ńlá. Iná kan náà ni, ata kan náà ni, àsìkò kan náà sì ni. Ohun tí ó lé kò ju ìkòkò kékeré kan àti ìpọnbẹ̀ kejì lọ.

Ẹ̀fọ́ rírò kò yàtọ̀. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ègúsí tí a pò ní kókó lè dá dúró láìsí ẹja, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja fi tirẹ̀ sí i nínú àwo. Mọ́ínmọ́ín tilẹ̀ rọrùn jù wọ́n lọ, nítorí ewé kọ̀ọ̀kan ni ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje lè ní ẹja, ẹyin àti edé nínú tirẹ̀, kí èyí tí kò ní ohunkóhun nínú sì wà nínú ìkòkò kan náà, bí a bá ti fi òwú so ó kí a má baà ṣì í mú. Bí a bá fẹ́ dín nǹkan, kí dòdò àti àkàrà kọ́kọ́ wọ òróró, kí ẹja tàbí ẹran tẹ̀ lé wọn. Ètò lásán ni gbogbo èyí, kì í ṣe iṣẹ́ àfikún.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí ẹran ti fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ alásè ni yóò búra pé kò sí ẹran nínú ọbẹ̀ àwọn, nígbà tí edé lílọ̀ ti wà níbẹ̀, tí omi ẹran ni wọ́n fi pò ó, tí magí tí wọ́n fọ́ sí i sì ní adìyẹ nínú. Àpẹẹrẹ èyí wà ní òkè òkun, lọ́wọ́ àwọn tí ó gba oúnjẹ yìí lọ́wọ́ Yorùbá. Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn obìnrin ń ta acarajé, ìyẹn àkàrà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá gbé dé ọ̀hún. Láti ọdún 2005 ni iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ti wà nínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni ìpìlẹ̀ àkàrà náà, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Bí ó bá jinná, wọn a là á, wọn a fi vatapá àti edé sí i láàárín. Ẹni tí kò bá fẹ́ edé lè ní kí wọ́n má fi sí i, wọn yóò sì gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa lọ edé gbígbẹ mọ́ vatapá náà. Ẹni tí kò bá béèrè, tí a kò sì sọ fún, yóò jẹ ohun tí ó rò pé òun ti kọ̀.

Nítorí náà, òtítọ́ ni èròjà àkọ́kọ́ nínú ọbẹ̀ àjọjẹ. Kí ẹni tí ń dáná ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí magí, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò bí wọ́n bá bi í. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lásán. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ edé débi pé ọrùn wọn lè wú, kí èémí wọn sì fẹ́ẹ̀ pin. Ẹ̀tàn inú ọbẹ̀ lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ènìyàn yọ ẹran kúrò nínú àwo, kí ó sì máa jẹ ẹ̀bà àti ata lásán, kì í ṣe oúnjẹ ìlera. Ebi tí ó wọ aṣọ ni. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ gba ipò ẹran. Ẹ̀wà ni ó súnmọ́ tòsí jù lọ, Nàìjíríà ni ó sì ń pèsè rẹ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà amúaradàgbà tó nǹkan bí 23 gíráàmù. Ti sóyà tó nǹkan bí 36. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí irúgbìn méjèèjì. Bí a bá jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ọkà, bí ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí àgbàdo, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì ń fi kún un. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà àti àgbàdo tí à ń pè ní àdàlú, ìrẹsì àti ẹ̀wà: ìmọ̀ àwọn ìyá àgbà ti wà nínú oúnjẹ wọ̀nyí kí ìmọ̀ yàrá ìwádìí tó dé.

Èròjà irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á bí ó ṣe ń gba ti inú ẹran. Ọsàn tàbí èso mìíràn tí ó ní fítámì C, tí a bá jẹ pẹ̀lú oúnjẹ, a máa ran ara lọ́wọ́ láti gbà á. Tíì tí a bá mu pẹ̀lú oúnjẹ a sì máa dí i lọ́wọ́. Fítámì B12 le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí nínú ewéko. Ó wà nínú ẹyin, mílíìkì àti wàrà. Ẹni tí kò bá jẹ ọ̀kankan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀, nítorí àìní rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo. Aboyún àti ọmọ kékeré ni kí a ṣọ́ jù lọ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 lórí oúnjẹ ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 23, wọ́n ní kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin wà nínú oúnjẹ ọmọ náà lójoojúmọ́. Àgbà lè pinnu fún ara rẹ̀. Kò yẹ kí ó fi ìpinnu náà dá ìyà jẹ ọmọ ọwọ́.

Àwọn tí ń jẹ ẹran pàápàá ní èrè nínú ètò yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àjọ IARC tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹran tí a fi iyọ̀, èéfín tàbí oògùn tọ́jú, irú bí sọ́sééjì, wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ, pé ó sì ṣeé ṣe kí ẹran pupa náà wà lára wọn. Àjọ World Cancer Research Fund gba àwọn tí ń jẹ ẹran pupa nímọ̀ràn pé kí èyí tí wọ́n bá jẹ lọ́sẹ̀ má ju 350 sí 500 gíráàmù lọ lẹ́yìn tí ó bá ti jinná. Ọ̀pọ̀ òtòṣì kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ láéláé; àwọn olówó kan sì ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ méjì lórí súyà àti níbi àríyá. Bí ọbẹ̀ bá dùn kí ẹran tó wọ inú rẹ̀, ẹran díẹ̀ yóò tó ẹni tí ń jẹ ẹ́, owó ọjà yóò sì dínkù.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tí kì í jẹ ẹran ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, a kò kàn pè wọ́n ní orúkọ náà ni. Àwọn ọmọdé ni. Baba ni ó ni ẹran ńlá, àlejò ni ó tẹ̀ lé e. Omi ọbẹ̀ tàbí pọ̀ǹmọ́ kékeré ni ó kan ọmọ, èròjà amúaradàgbà inú pọ̀ǹmọ́ kò sì pé bí ti ẹran. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran púpọ̀ yóò di olè. Ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọmọ púpọ̀ lára ju bí ó ti kọ́ wọn ní ìwà lọ. Ara ọmọ tí ń dàgbà ni ó nílò èròjà wọ̀nyí jù, òun ni a sì fi sí ìparí. Bí ilé bá jókòó láti bèèrè ohun tí yóò gba ipò ẹran nínú àwo ọmọbìnrin tí ó kọ ẹran, wọn kò ní lè sá fún ìbéèrè kejì: kí ni ó gba ipò rẹ̀ nínú àwo ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè? Ẹyin kan, ṣíbí ẹ̀wà mélòó kan, àkàrà láàárọ̀: ìwọ̀nyí kò lè sọ ọmọ di olè.

Àwọn kan yóò tako èyí. Wọn yóò ní iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn obìnrin nílé ìdáná ti pọ̀ jù, pé kò yẹ kí a tún fi ìkòkò kékeré kún un. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá yan ọ̀nà tirẹ̀ nídìí oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá wọn dé ìdí ààrò. Kí ọmọ tí kò jẹ ẹran mọ́ bó ẹ̀wà, kí ó lọ ata, kí ó dín wàrà sóyà tirẹ̀. Kí baálé tí kò lè jẹun láìsí ẹran fọ ìkòkò tí wọ́n fi bọ ẹran náà. Níbi tí iná ìjọba bá ti ń wà, kí wọ́n dín ata tí kò ní ẹran sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi sínú fírísà, kí kálukú máa bu èyí tí yóò lò. Ètò tí ó bá gbé gbogbo ẹrù lé ẹnì kan lórí kì í pẹ́ tú ká, bí ó ti wù kí oúnjẹ inú rẹ̀ ṣara lóore tó.

Àwọn mìíràn yóò ní àlejò kò ní ka ọbẹ̀ tí kò ní ẹran sí oúnjẹ, pé ojú yóò ti ilé. Ojú kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni níwájú gbẹ̀gìrì tí ó jinná dáadáa. Ẹran ti di àmì ọlá débi pé ènìyàn a máa jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ ní ọjọ́ ìnáwó, àwọn tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sì ní bá a san gbèsè náà. Bí àlejò bá fẹ́ ẹran, ẹran wà nínú ìkòkò ńlá. Bí kò bá fẹ́ ẹ, oúnjẹ pípé wà fún òun náà, kò sì ní jókòó síbẹ̀ kí ó máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún gbogbo agbo.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ilé tí ó bá kọ́kọ́ se ọbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè jẹ, kí ó tó fi ohun tí àwọn kan fẹ́ kún un, ti mú òwe yẹn ṣẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó kàn, kí ẹni tí ń dáná dúró díẹ̀ nígbà tí òróró bá léfòó, kí ó bu ìpín ẹni tí kì í jẹ ẹran, kí ó wo àwo ọmọdé, kí ó tó da ẹran sí i.